Souveraineté ti ta ni? Àwa ará ẹnubodè náà ní ẹnu

Ẹ̀yin ará wa ní Banigbé, ní Ìfọ̀nyìn, ní Sakété, ní Pobè àti ní Kétu, ẹ̀yin tí ẹ wà lódìkejì ní Ìpókíá, ní Ìdí-Ìrókò àti ní Ìmẹ̀kọ, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú wa.

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa láti ọdún mélòó kan: souveraineté. Ẹ tan rédíò, òun ni. Ẹ ṣí fóònù, òun náà ni. Wọ́n ní àwọn ológun Mali, Burkina àti Niger ti gba souveraineté wọn padà, pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jáde kúrò nínú CEDEAO ní oṣù kìíní ọdún 2025. Àwọn kan ní owó CFA ni kò jẹ́ kí àwa ní tiwa. Àwọn mìíràn lódìkejì ní àfi kí Yorùbá ya kúrò lára Nàìjíríà ká tó lè ní i. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó ti jókòó níwájú wa rí ní kíláàsì CM2, tó ń gun zémìjáǹ báyìí, dá wa dúró lẹ́bàá ọjà. Ó ní: "Maître, ṣé kò yẹ kí ìjọba tiwa náà ti ibodè mọ́ Nàìjíríà, bí wọ́n ṣe tì í mọ́ wa lọ́jọ́sí? Ṣebí souveraineté nìyẹn?"

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá wa délé. Epo tó wà nínú ọ̀kadà ọmọ náà, kpayo ni, láti Nàìjíríà ló ti wá. Ìyá rẹ̀, ọmọ Ìpókíá ni. Ó fẹ́ fi souveraineté ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìyá ara rẹ̀, kò sì mọ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Àwọn tó ń pariwo ọ̀rọ̀ náà létí rẹ̀ kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un.

Àwa tí wọ́n fi Faransé kọ́, a ti há ọ̀rọ̀ yìí sórí ká tó mọ ohun tó jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ká túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, a ó kọ́kọ́ bi í pé: èwo nínú rẹ̀? Bó bá jẹ́ pé ó ń sọ nípa orílẹ̀-èdè tí kò sí lábẹ́ ẹlòmíràn, òmìnira la máa ń pe ìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ó ń bi wá ta ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nínú òfin, ọ̀rọ̀ àṣẹ nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé ó ń sọ nípa àwọn tó ń gbé ilẹ̀, tí wọ́n ń bímọ síbẹ̀, tí wọ́n ń sìnkú síbẹ̀, tí wọ́n ń ná ọjà rẹ̀, ìbéèrè wa ni pé ta ló ni ìlú. Faransé kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò kan, ó so ó lẹ́nu. Àwọn olóṣèlú wá ń ta àpò náà fún wa láìtú u.

Ẹnìkan á ní, ṣebí Yorùbá ní Kábíyèsí, pé kò sí ẹni tó lè bi ọba léèrè, pé àwa náà mọ souveraineté kí Faransé tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀yọ́, níbi tí ọ̀rọ̀ Kábíyèsí ti rinlẹ̀, Ọ̀yọ́ Mèsì wà níbẹ̀, Baṣọ̀run sì ni olórí wọn. Bí ọba bá ṣe kọjá bó ṣe yẹ, wọ́n á gbé igbá ránṣẹ́ sí i, ọba á sì mọ̀ pé ìlú ti kọ òun, pé ikú ló kù. A ò sọ pé ká padà sí ti igbá o. Ohun tí à ń wí ni pé àwọn baba wa mọ̀ pé ẹni tí ẹnikẹ́ni kò lè bi léèrè gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń bi í léèrè.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ilẹ̀ tiwa. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, ní Paris, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín agbègbè wa. Wọ́n tún fọwọ́ sí òmíràn ní Paris náà, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1898. Kò sí ará Banigbé kan lórí ìjókòó méjèèjì. Ìlú Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ti Alákétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìfọ̀nyìn wà níbí tí wọ́n ń kọ ní Ifangni, Ìfọ̀nyìntẹ̀dó wà lọ́hùn-ún ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Orúkọ kan náà ni. Akọ̀wé méjì tí kò gbọ́ èdè wa ló kọ ọ́ sílẹ̀, kálukú bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ.

Ẹ má rò pé àwọn baba wa jókòó wò wọ́n. Àwọn ará Ọ̀họ̀rí, tí ìwé Faransé ń pè ní Hollidjè, dìde sí ìjọba Faransé láàárín ọdún 1914 sí 1916. Àwọn tí kò gbé ohun ìjà fi ẹsẹ̀ dáhùn: nígbà tí wọ́n ń mú ọkùnrin lọ́ràn-anyàn lọ sógun, tí wọ́n ń fi ipá kó wọn ṣiṣẹ́, tí owó orí ń pọ̀ sí i, abúlé lóríṣiríṣi di ẹrù wọn, wọ́n kọjá sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ ìwé lórí èyí, ó sì gbé ìhà méjèèjì ibodè lé orí ìwọ̀n kan náà. Títí di ọdún 1946 ni iṣẹ́ ọ̀ràn-anyàn fi wà nínú òfin Faransé. Ọ̀pọ̀ ilé ní Banigbé ló ní bàbá àgbà kan tó "lọ sí òkè ọ̀hún" tí kò padà wá mọ́. Nígbà yẹn, souveraineté wà ní Paris. Àwọn baba wa kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju ẹsẹ̀ wọn lọ, wọ́n sì lò ó.

Òmìnira dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960 fún Dahomey, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún kan náà fún Nàìjíríà. Ìlà náà kò yí padà. Ní Cairo, ní oṣù keje ọdún 1964, àwọn olórí Áfíríkà fẹnu kò pé ààlà tí òmìnira bá nílẹ̀ ni kálukú yóò máa bọ̀wọ̀ fún. A kò ta ko ìyẹn. Bí ìran kọ̀ọ̀kan bá ní kí wọ́n tún ààlà fà fún òun, ogun ni a ó máa fi jẹun àárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ń gbọ́, kí ẹ sì mọ ohun tí kì í gbọ́. Nígbà tí Benin àti Niger gbé ẹjọ́ erékùṣù Lété lọ sí ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague, tí wọ́n dá a fún Niger ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2005, ìwé àwọn aláṣẹ Faransé àtijọ́ ni àwọn adájọ́ ń tú: ta ló kọ kí ni, lọ́dún wo, ta ló ń ṣàkóso ibẹ̀. Iṣẹ́ wọn nìyẹn, wọ́n sì ṣe é. Ibi tí àwọn ará Lété ti ń ra iyọ̀ kò sí lára ohun tí wọ́n ní kí wọ́n wò. Souveraineté ti òfin, ìwé ló ń kà. Kì í wo ojú ènìyàn.

Ta wá ni souverain nínú ìwé tiwa? Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà á rántí oṣù kejì ọdún 1990, ní Hôtel PLM Alédjo ní Kútọ̀nú, tí Mgr Isidore de Souza ń darí ìjókòó. Kérékou ló pe ìpàdé náà. Àwọn tó pè wá sọ fún un pé ìpàdé yìí ti di souverain, pé ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí, ìjọba gbọ́dọ̀ ṣe é. Ó sì gbà. Ọmọdé ni àwa nígbà náà, ṣùgbọ́n a rántí bí àwọn àgbà ṣe rọ̀gbà yí rédíò kan ṣoṣo ká, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kí ẹnì kejì wúkọ́. Láti ibẹ̀ ni òfin orílẹ̀-èdè ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 ti jáde. Ìlà kẹta rẹ̀ ní àwọn ará ìlú ló ni souveraineté, pé ẹnikẹ́ni, ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́, kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di tara rẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 14, sọ ohun kan náà.

Ìwé méjèèjì, ní ìhà méjèèjì ìrókò yẹn, ló sọ pé àwa la ni ín. Ẹ wá jẹ́ ká wo ọdún 2019.

Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún náà, ní Niamey, Benin àti Nàìjíríà jọ fọwọ́ sí àdéhùn òwò àìsí-ìdènà fún gbogbo Áfíríkà, ní ọjọ́ kan náà. A pàtẹ́wọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lé díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Nàìjíríà ti ibodè. Kò sí agogo tí wọ́n lù, kò sí ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa. Ẹni tó lọ ta gàrí lọ́hùn-ún lówùúrọ̀ bá ìlẹ̀kùn pípadé nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ 28 oṣù kẹjọ náà, ààrẹ Talon àti ààrẹ Buhari jókòó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti sọ ọ́? Yokohama, ní ilẹ̀ Japan. Ọ̀rọ̀ Ìgòlò, tí zémìjáǹ ń gbé èèyàn dé láti ọjà Banigbé, Yokohama ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ.

Ní oṣù kọkànlá, kọ́sítọ̀mù Nàìjíríà tún pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ibodè. Ẹ gbọ́ o, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn ará Ìpókíá. Wọ́n ń dìbò níbẹ̀, wọ́n ní nọ́ńbà NIN. Ìjọba wọn ní kí epo orílẹ̀-èdè wọn má dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí pé wọ́n ń gbé nítòsí wa. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí souveraineté ti ìjọba ṣe lè dojú kọ souveraineté ti ará ìlú, ẹ má lọ wá a nínú ìwé, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé kẹ̀kẹ́ alùpùpù rẹ̀ tì nínú oòrùn ní Ìpókíá lọ́dún yẹn.

Wọ́n ṣí Sèmè ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Ìdí-Ìrókò, tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà tiwa, di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó kéde pé ó ti ṣí. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n tì í ti ń sọ̀rọ̀ geere kó tó ṣí.

Ní àárín ìgbà yẹn, ìyá àgbà kan kú ní àdúgbò wa. Méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé lódìkejì. Inú igbó ni wọ́n gbà lóru, wọ́n sì sanwó níbi mẹ́rin fún àwọn tó wọ aṣọ ìjọba, méjì lọ́hùn-ún, méjì níhìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé, a ti kó erùpẹ̀ bo òkú. Àbíkẹ́yìn ìyá náà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn jókòó síbi ẹsẹ̀ sàréè, ó ń ka iye tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé á tún sanwó kó tó padà. Àwa tó ń kọ èyí wà níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ká pàtẹ́wọ́ fún souveraineté, ohun tí à ń rántí nìyẹn.

Ẹ má sọ pé à ń bo ara wa. Fàyàwọ́ wà, àwa náà jẹ níbẹ̀. Ìrẹsì tí wọ́n ń já sí èbúté Kútọ̀nú nígbà náà pọ̀ ju èyí tí gbogbo Benin lè jẹ lọ, gbogbo wa la mọ ibi tó ń lọ. Orílẹ̀-èdè wa gba owó èbúté lórí rẹ̀, ó sì fi san owó oṣù, kódà owó oṣù olùkọ́. Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ìbéèrè tiwa ni pé ta ni ìyà náà jẹ. Ọkọ̀ ojú omi tó kó ìrẹsì wá kò jẹ ẹ́. Ọ̀gá tó ni ilé ìkẹ́rùsí ní Kútọ̀nú náà kò rin inú igbó lóru. Àgbẹ̀ ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní Allada ló jẹ ẹ́, tí ọjà rẹ̀ bà jẹ́ nítorí pé ẹni tó ń rà á kò lè kọjá mọ́. Àwọn ìyá tó ń ru tòmátì jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì wa náà jẹ nínú rẹ̀, tí wọ́n ń sùn lórí tábìlì nítorí pé wọ́n bá ìyá wọn rìn ní òru.

A wá sórí ọ̀rọ̀ àwọn ará wa tó ń jà fún Orílẹ̀-èdè Yorùbá. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa bí àwọn kan nínú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn kan gbé ìbọn wọ ọgbà ìjọba ní Àgọ́dì n'Ìbàdàn, wọ́n ní àwọn ti dá orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Àwọn àwòrán ilẹ̀ kan ń kiri lórí fóònù, tí wọ́n fi ọ̀dà kan náà kun wa mọ́ Ìbàdàn àti Èkó. Ta ló bi Banigbé? Ta ló wá sí Ìfọ̀nyìn láti bi wá bóyá a fẹ́? Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní Paris lọ́dún 1889 kò bi wá. Ti fóònù yìí náà kò bi wá. Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀jẹ̀ kan ni wá, èdè kan ni wá, orírun kan ni wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọ̀dà kun ilẹ̀ wa láìbi wá, aláṣẹ Faransé ni nínú agbádá. Bẹ́ẹ̀ náà la ń sọ fún àwọn kan ní Kútọ̀nú tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wa, wọ́n á ní "Nigérian" ni wá, kí a mú ìwé wa wá. Lọ́hùn-ún, "ará Kútọ̀nú" ni orúkọ wa. A ti rí ilé kan tí ẹ̀gbọ́n ní NIN, tí àbúrò ní CIP, tí ìyá wọn kò ní ìkankan, tó sì jẹ́ pé òun ló ń bọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ èdè wọ ibí yìí. Nílé ẹ̀kọ́ tí a lọ ní kékeré, wọ́n ń gbé "signal" kọ́ ẹni tó bá sọ Yorùbá lọ́rùn. Faransé kọ́ ló ń gbé e kọ́ wa lọ́rùn. Ọmọ ilẹ̀ wa ni olùkọ́ náà, òmìnira sì ti ju ogún ọdún lọ. Òfin 1990, ìlà 11, wá sọ pé àwùjọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti lo èdè rẹ̀ ní sísọ àti ní kíkọ. Ó dára. Síbẹ̀, àwa náà ti bá ọmọ wí rí nítorí Yorùbá nínú kíláàsì. A kò fi ṣògo. Ọmọbìnrin kan wà tó lè ṣírò náírà sí CFA lórí ní ọjọ́ ọjà kí ẹ tó fa fóònù yọ. Lọ́jọ́ kejì, bí a bá kọ ìṣirò kan náà ní Faransé sára pátákó, á wò ó bí ẹni tí kò ra nǹkan rí láyé rẹ̀. Àwọn tó ń pariwo souveraineté owó CFA, a ò gbọ́ ohùn wọn lórí souveraineté ẹnu ọmọ yìí.

Ohun tó jẹ́ ká pinnu láti kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ti ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 2025. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn, àwọn sójà kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n wa, wọ́n ní àwọn ti gba ìjọba. Ìjọba wa ké sí Nàìjíríà, ọkọ̀ òfuurufú ológun Nàìjíríà sì kọjá ibodè wọlé wá. A kò sọ pé kò dára. A ò fẹ́ ìjọba ológun. A ti gbé lábẹ́ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ní 2019, Nàìjíríà ní nítorí souveraineté òun, ìyá aláta kò gbọdọ̀ kọjá ìdí ìrókò kan. Ní 2025, nítorí souveraineté tiwa, ọkọ̀ ogun Nàìjíríà gbọ́dọ̀ kọjá. Ó túmọ̀ sí pé ìlà yìí kì í ṣe ògiri. Ìlẹ̀kùn ni, ó sì lẹ́ni tó ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Tí wọ́n bá fẹ́, wákàtí díẹ̀ tó láti ṣí i.

A kò ní kí wọ́n wó ibodè. A kò ní kí wọ́n fà á sí ibòmíràn. Àdéhùn CEDEAO ti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979 ti sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Ìṣọ̀kan Áfíríkà náà ti kọ àdéhùn kan lọ́dún 2014 lórí bí àwọn ará ẹnubodè yóò ṣe máa bá ara wọn ṣiṣẹ́. Ìwé pọ̀. Ohun tí à ń béèrè kéré sí ìwé: kí mairie Ìfọ̀nyìn àti ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá ní ibi kan tí wọ́n ti ń jókòó pọ̀, kí àwọn ìyálọ́jà, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn baálẹ̀ wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ti ibodè pa láìkọ́kọ́ sọ fún wọn, láìdá ọjọ́, láìsọ ìgbà tí yóò ṣí. Kí aláìsàn, akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tó ń lọ sin òkú ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọjá lójú ọ̀sán, kódà bí wọ́n bá tì í. Ẹni tó bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa ní Banigbé, ẹ kọ́kọ́ bi í ní èyí kí ẹ tó gba àǹkárá tó gbé wá. Kí ẹ̀yin tó wà lódìkejì náà bi àwọn tiyín.

Ní ti ọmọ zémìjáǹ wa, a ti ní kó wá sílé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ká jọ ka ìwé òfin 1990, a ó túmọ̀ rẹ̀ fún un sí Yorùbá ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun á wá. Ṣùgbọ́n kí a má retí òun kí oòrùn tó wọ̀, nítorí pé òun ń lọ gbé ìyá òun wá láti Ìpókíá.